Pélé mẹ́ta lára ọkọ̀: ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi wa ọkọ̀ ojú omi fúnra mi ní Norfolk

Ọjọ́ Ẹtì ni a dá ọkọ̀ ojú omi tí a háyà náà padà fún ilé iṣẹ́ tó ni ín. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n dá fún wa, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di aago mẹ́jọ ààbọ̀ a ti so ó mọ́ èbúté, a ti gbá inú rẹ̀, a ti fọ ìkòkò àti abọ́, ọmọ mi ọkùnrin sì ti ká gbogbo okùn jọ sórí pákó iwájú bí ìyá mi ṣe kọ́ ọ. Ọkùnrin kan tí a kò rí rí jáde láti inú ọ́fíìsì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Kò kí wa. Ó kúnlẹ̀ sí etí èbúté, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí imú ọkọ̀ ní apá òsì, ó fi àtàǹpàkò ra ibì kan níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde, ó sì sọ fún ọkọ mi pé a ti ha ọkọ̀ àwọn. Kí n tó dé ọ́fíìsì, wọ́n ti yọ pọ́n-ùn 180 kúrò nínú pọ́n-ùn 250 tí mo fi ṣe ìdógò.

Mo mọ ibi tí ó ń wí dáadáa. Ìlà mẹ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka ọwọ́ mi, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ọ̀dà funfun náà. Káyọ̀dé, ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló kọ́kọ́ rí wọn nígbà tí a gba ọkọ̀ ní ọjọ́ Ajé, tí ó sì pè mí pé, "Mọ́mì, ẹ wá wò ó, ọkọ̀ yìí kọ pélé bíi Màmá àgbà." Lóòótọ́, pélé ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá mi, àfiwé náà sì bá a mu tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà fi yà á ní fọ́tò. Mo pe òṣìṣẹ́ tí ń fi ọkọ̀ hàn wá sí i. Ó wò ó láti òkèèrè, ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé ọkọ̀ iṣẹ́ ni, kò sí èyí tí kò ní irú rẹ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà ó fa ìlà kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé àyẹ̀wò, ó sì na bírò sí ọkọ mi. Èmi ni mo gba bírò náà tí mo fọwọ́ sí ìwé, nítorí èmi ni mo san owó, orúkọ mi ló sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí atukọ̀. Kò yẹ kí n fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ háyà ọkọ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí ó dúró títí wọn yóò fi kọ gbogbo àpá sínú ìwé yẹn, ì báà jẹ́ pé òjò ń pa á.

Ọ̀rọ̀ atukọ̀ yìí ló ti kọ́kọ́ bí mi nínú, ṣáájú ọ̀rọ̀ owó. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí mi, létí ọ̀sà. Apẹja ni bàbá mi, ìyá mi sì máa ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn tó ń ti orí omi bọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ Ìkìrun ni ọkọ mi, kò mọ omi í wẹ̀, kì í sì í fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, òun ni òṣìṣẹ́ náà kọjú sí fún gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá tó fi ṣàlàyé. Mo wo aago. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ mi sọ fún un pé ìyàwó òun ni yóò wa ọkọ̀. Ó mi orí, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sójú ọkọ mi. Ó fi bí a ṣe ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì àti bí a ṣe ń pa á hàn, ó fi gáàsì ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn, ó tán. Kò sọ ohunkóhun nípa bí odò ṣe ń ṣàn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ọ́fíìsì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: gbàrà tó rí ìyá mi ló gbé àga wá fún un, ó gbé ẹ̀wù amúniléfòó mẹ́ta wọ̀ ọ́ wò títí ó fi rí èyí tí kò fún un láyà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ìgbànú rẹ̀ fún un.

Agbègbè tí wọ́n ń pè ní Broads, ní Norfolk àti apá kan Suffolk ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ń sọ. Àwọn odò bíi Bure, Ant, Thurne, Yare àti Waveney ló so àwọn adágún ibẹ̀ pọ̀, ọ̀nà omi tí ènìyàn lè gbà sì ju máìlì 125 lọ láìsí ìlẹ̀kùn omi kankan láti ṣí tàbí láti tì. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ìwé àṣẹ ìwakọ̀ lọ́wọ́ yín. Pátákó tó wà létí odò ló ń sọ bí eré ṣe gbọ́dọ̀ mọ, láti máìlì 3 sí 6 ní wákàtí kan, nítorí ìgbì tí ọkọ̀ ń dá a máa jẹ etí odò. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ àwọn adágún náà. Ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń sá gbẹ kí wọ́n tó fi dáná ni àwọn ará àtijọ́ ń gbẹ́ níbẹ̀, títí omi fi gòkè tí ó sì bo kòtò wọn mọ́lẹ̀. Ìwádìí tí Joyce Lambert ṣe láàárín àwọn ọdún 1950 ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí ó rí i pé ìsàlẹ̀ adágún tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ sì dúró ṣánṣán bí ògiri. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi jìn, tí irin rọ̀bọ̀tọ̀ tí wọ́n fún wa fi tó láti dá ọkọ̀ dúró nínú ẹrẹ̀, láìní ìkọ́ bíi ti ìdákọ̀ró òkun.

Nípa ọkọ̀ fúnra rẹ̀, n kò ní ẹjọ́ púpọ̀ láti rò. Àwa márùn-ún sùn síbẹ̀ láìfún ara wa pa, omi gbígbóná kò tán, sítóòfù gáàsì náà sì gba ìkòkò ata díndín tí mo gbé láti Peckham ní London. Owó epo ló wọ́n ju bí mo ṣe rò lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí a ti sun òru àkọ́kọ́ ní Ranworth, a gba odò Thurne gòkè lọ sí Potter Heigham. Afárá olókùúta àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí ihò rẹ̀ kéré débi pé ọkọ̀ àyálò kò gbọ́dọ̀ gba abẹ́ rẹ̀ àyàfi tí atukọ̀ ibẹ̀ bá wà nídìí ìtọ́kọ̀. A kò dán an wò. A jẹun, a sì yí padà. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a kúrò níbẹ̀ tí fèrè ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, iná pupa tàn lójú mi, mo sì rí i pé omi tó yẹ kí ó máa tú jáde ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ti dáwọ́ dúró. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ọkọ mi di irin ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú, kò sọ̀rọ̀. Ìyá mi, tó jókòó síwájú pẹ̀lú ẹ̀wù amúniléfòó lọ́rùn, wo koríko etí odò bí ó ṣe ń tẹ̀, ó ní, "Atẹ́gùn ń tì wá sọ́tùn-ún. Jẹ́ kó gbé wa débẹ̀, má bá a jà." Bẹ́ẹ̀ ló rí. Atẹ́gùn gbé wa wẹ́rẹ́ dé ẹ̀bá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé onípákó kéékèèké tó tò síbẹ̀, Káyọ̀dé fò sílẹ̀ pẹ̀lú okùn, ó sì so wá mọ́ òpó.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ọ́fíìsì ló gbé fóònù, ó sì so mí pọ̀ mọ́ mẹkáníìkì lójú ẹsẹ̀. Ohùn àgbà ni. Ó bi mí bóyá iná ló kọ́kọ́ tàn tàbí fèrè ló kọ́kọ́ ké, ó bi mí bóyá omi ṣì ń jáde, ó sì ní kí n yọjú wo inú odò kí n sọ fún òun bóyá koríko pọ̀ níbẹ̀. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ funfun kan dúró lójú títì. Bàbá tí irun rẹ̀ ti funfun báláú ni, ó gbé àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́ kan, ó kọ́kọ́ kí ìyá mi, ó sì béèrè pé, "Ta ni atukọ̀?" Mo ní èmi ni. Ó ní kí n wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Èmi ni ó ní kí n gbé pákó ilẹ̀ kúrò, kí n kọ́kọ́ ti ẹnu ọ̀nà tí omi odò ń gbà wọlé, kí n tó yí ìdérí asẹ́. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, mo sì fa koríko odò jáde, ẹ̀kúnwọ́ lẹ́yìn ẹ̀kúnwọ́, tí ó ń yọ̀ tí ó sì ń fà bí ewédú tó ti jinná. Ìyá mi wò ó títí, ó ní, "Ṣé èyí ni wọ́n fi ń bọ́ ọ látàárọ̀?" Bàbá náà ṣàlàyé pé omi odò gan-an ni ẹ́ńjìnnì fi ń tutù, pé koríko a máa pọ̀ ní òkè odò Thurne nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àti pé àràárọ̀ ló yẹ kí n máa ṣí asẹ́ náà wò. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ọjọ́ Ajé ló yẹ kí wọ́n ti fi hàn mí. Ó dúró títí mo fi dé e padà, tí mo ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, tí omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ó mu tíì kan, ó gba àkàrà méjì tí mo dì sínú bébà fún un. Nígbà tí ó ń sọ̀kalẹ̀ láti iwájú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo àwọn ìlà mẹ́ta yẹn, ó fa pẹ́ńsù yọ láti ẹ̀yìn etí, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan. N kò bi í léèrè.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni n kò lè gbàgbé. A so ọkọ̀ sí ìlà omi tóóró tó wọ abúlé Thurne, nísàlẹ̀ ilé ọlọ funfun kan, irú èyí tí afẹ́fẹ́ máa ń yí nígbà kan rí láti fa omi kúrò lórí pápá. Oòrùn wọ̀ pẹ́, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ìyá mi ní òórùn ẹrẹ̀ ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹ̀pẹ́ bí omi bá fà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ọmọ nípa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n bàbá mi, bí ó ṣe máa ń fi àjẹ̀ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ìyá mi lè mọ̀ pé òun ló ń bọ̀ nínú òkùnkùn. Ó ti tó ọdún mẹ́tàlélógún tí bàbá mi ti kú. Èmi pàápàá kò gbọ́ ìtàn yẹn rí.

Ní Acle, ní Ọjọ́bọ̀, ohun tí wọn kò kọ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wa sí wàhálà. Omi ń fà sọ́nà òkun, ó sì le níbẹ̀, èmi sì ń sún mọ́ ibi tí a fẹ́ so ọkọ̀ sí pẹ̀lú ìṣàn náà lẹ́yìn wa. Bí mo ṣe ń dín eré kù tó, bẹ́ẹ̀ ni odò ń tì wá síwájú, sí ìdí ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá mi kígbe pé, "Kọjú ọkọ̀ sí odò! Má kẹ̀yìn sí i!" Mo yí i po, mo kọ imú rẹ̀ sí ìṣàn omi, ó sì rọra dúró bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ó wà nínú ìwé àlàyé tó wà lórí ọkọ̀, mo rí i nígbà tí mo wá a lálẹ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́nu ni ìbá gba òṣìṣẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn.

Mo wá padà sórí owó. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà ni mo kọ ímeèlì, mo sì fi fọ́tò Káyọ̀dé ránṣẹ́ pẹ̀lú aago tí ó yà á: 4:12 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí okùn wọn. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni wọ́n dáhùn pé kò sí àpá kankan nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí. Mo kọ̀wé padà pé kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì wọn. Wọn kò fèsì. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo fóònù, ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn ló gbé e, ó mọ ohùn mi, ó béèrè àlàáfíà ìyá mi, ó sì ṣèlérí pé òun fúnra òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ọ̀gá lọ. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá pè mí. Ó ka ohun tó wà nínú ìwé kékeré bàbá náà sí mi létí: ọjọ́, nọ́ńbà ọkọ̀, koríko nínú asẹ́, àti pé àpá mẹ́ta tó wà ní imú ọkọ̀ lápá òsì ti wà níbẹ̀ láti oṣù Kẹrin, pé kò sì sí nínú ìwé àyẹ̀wò àwọn àlejò yìí. Ó tọrọ àforíjì, owó mi sì pé padà ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì pé kí ni wọn yóò ṣe nípa bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ hàn ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún sùúrù mi.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún wọn. Ìyá mi, tó ti padà sí Ẹ̀pẹ́, ní ó kéré jù, pé bàbá oníwèé kékeré yẹn nìkan tó mẹ́rin. Mo ti san owó àsansílẹ̀ fún ọkọ̀ kan náà ní oṣù Karùn-ún ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí ìyá mi náà yóò tún wà pẹ̀lú wa. Níbi tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù fún ọ̀rọ̀ mìíràn, mo kọ ọ́ pé èmi ni atukọ̀, èmi sì ni kí wọ́n fi ọkọ̀ hàn.