Ẹ ṣọ́ra fún aṣojú ìnṣọ́ránsì mọ́tò tó ń fi ímeèlì tirẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù yín

Orí WhatsApp ni mo ti pàdé ọkùnrin náà. Iye tó pè fún comprehensive, ìyẹn ìnṣọ́ránsì tó ń bo mọ́tò tèmi náà, kò tó ìdajì ohun tí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ti pè fún mi. Ó ní òun mọ èèyàn nínú ilé-iṣẹ́. Kí n má parọ́, owó pọ́ọ́kú yẹn ló fọ́ mi lójú. Mo sanwó sínú àkáǹtì òun fúnra rẹ̀, kò sì pé wákàtí kan tí ìwé fi dé: orúkọ mi, nọ́ńbà mọ́tò mi, àmì ilé-iṣẹ́, kò sí èyí tó kù.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà ni mo lọ kọ lu ìdí ọkọ̀ ẹlòmíì. Mo pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà. Obìnrin tó gbé fóònù rí orúkọ mi, ọkàn mi balẹ̀. Àfi bó ṣe ní wọ́n ti fagi lé ìnṣọ́ránsì náà láti ọjọ́ kọkànlá tí mo rà á, pé àwọn sì ti dá owó tó ṣẹ́kù padà. Ẹ dá a padà fún ta? Ó ní ṣebí àwọn kọ̀wé sí ímeèlì mi. Ímeèlì aṣojú yẹn ni! Òun ló ní kí wọ́n fagi lé e, òun náà ló gba owó tó ṣẹ́kù. Ó tún kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ẹni ọdún 58 ni mí, pé Sátidé nìkan ni mọ́tò ń jáde. Ọdún 31 ni mí, ojoojúmọ́ ni mo sì ń wà á lọ síbi iṣẹ́. Irọ́ yẹn ló jẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Ká ní wọn ò tiẹ̀ fagi lé e, ilé-iṣẹ́ lè tìtorí irọ́ náà kọ̀ láti sanwó.

Àwọn kan kì í tiẹ̀ dé ilé-iṣẹ́ kankan, ayédèrú ìwé ni wọ́n máa tẹ̀ fún yín. Bóyá wọ́n fagi lé e ni o, bóyá ayédèrú ni, lójú òfin, ẹ̀yin lẹ wa mọ́tò láìní ìnṣọ́ránsì. Èmi ni mo tún mọ́tò méjèèjì ṣe.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ wá nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà fúnra yín, ẹ má pe èyí tó wà lórí ìwé tí aṣojú fún yín. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ aṣojú náà. Tí ìwé bá jáde, ẹ tún pè, kí wọ́n ka nọ́ńbà ṣáásí, ọjọ́ orí, ohun tí ẹ ń fi mọ́tò ṣe, fóònù àti ímeèlì tó wà níwájú wọn. Ẹ béèrè excess náà, ìyẹn owó tí ẹ ó kọ́kọ́ yọ lápò ara yín kí tiwọn tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì olówó kékeré ń fi ẹ̀gún sí. Ẹni tó bá sì sọ pé ìnṣọ́ránsì third party máa tún mọ́tò yín ṣe ń tàn yín ni: òfò tí ẹ bá fà fún ẹlòmíì ló wà fún.

Ẹ̀tọ́ yín ni láti gba rìsíìtì àti odindi ìwé àdéhùn. Tí wọ́n bá kọ̀ láti sanwó, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, òun lẹ ó gbé lọ bá àjọ ìjọba tó ń mójú tó wọn. Ẹni tó bá ti kó sí i, ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́ o. Ẹ tètè sọ fún báńkì yín, ọlọ́pàá àti ilé-iṣẹ́ náà.

Lánàá, ọ̀rẹ́ mi fi ìpolówó kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní ṣé kóun rà á. Orúkọ yàtọ̀, àwòrán yàtọ̀. Ìlà kejì: "Mo mọ èèyàn nínú ilé-iṣẹ́."