Fífọ ilé kí ẹ tó kó wọlé n'Ìbàdàn: owó ọjọ́, àgbàṣe, tàbí ilé-iṣẹ́?

Ilé kan náà ni mo fi béèrè owó lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta: yàrá méjì àti pálọ̀ kan ní Akóbò, ní ọ̀sẹ̀ tí mo ń múra láti kó kúrò ní Agbowó. Àwọn ìyá méjì kan tó máa ń bá àwọn ará àdúgbò fọṣọ ní kí n fún àwọn ní ₦7,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta kan, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi iṣẹ́ yìí wá owó ìwé, ní àgbàṣe ni tàwọn, ₦35,000, ọṣẹ wà nínú ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó ní aṣọ iṣẹ́ àti ẹ̀rọ kọ ₦80,000 ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wọ́n tilẹ̀ lu òǹtẹ̀ sí ìwé ọ̀hún.

Ẹni tó bá gbé ₦14,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦80,000 á ní olè wà níbẹ̀. Èmi náà kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo wá jókòó ṣírò ohun tí owó àwọn ìyá yẹn kò kó mọ́ra, ojú mi là. Iye tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti ilé tèmi o, tiyín lè lé, ó sì lè dín.

| | Ìyá méjì, owó ọjọ́ | Ọmọkùnrin mẹ́ta, àgbàṣe | Ilé-iṣẹ́ |
|---|---|---|---|
| Owó iṣẹ́ | ₦14,000 | ₦35,000 | ₦80,000 |
| Ọṣẹ, Hypo, mọ́ọ̀pù, bíléèdì | ₦8,500, èmi ni mo rà á | ó wà nínú ẹ̀ | ó wà nínú ẹ̀ |
| Oúnjẹ àti owó ọkọ̀ | ₦5,000 | wọn ò béèrè | wọn ò béèrè |
| Kíkó pàǹtí dànù | ₦1,500 | ₦1,500, lọ́rùn èmi | ó wà nínú ẹ̀ |
| Àpapọ̀ | ₦29,000 | ₦36,500 | ₦80,000 |
| Àkókò | aago 8 àárọ̀ sí 4:30 ìrọ̀lẹ́ | wákàtí mẹ́rin | wákàtí mẹ́ta, ènìyàn márùn-ún |

Ṣé ẹ rí i pé ₦7,500 péré ló wà láàárín àwọn ìyá àti àwọn ọmọkùnrin yẹn? Ṣùgbọ́n ìlà tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ wò dáadáa, torí òun ni ọ̀pọ̀ kì í kà. Ìyá méjì fún wákàtí mẹ́jọ àti ààbọ̀, wákàtí mẹ́tàdínlógún ni ọwọ́ fi wà lára ilé náà. Ti àwọn ọmọkùnrin jẹ́ méjìlá, ti ilé-iṣẹ́ jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí mo pín àpapọ̀ owó sí i, wákàtí kan jẹ́ nǹkan bí ₦1,700 lọ́dọ̀ àwọn ìyá, ó lé díẹ̀ ní ₦3,000 lọ́dọ̀ àwọn ọmọkùnrin, ó lé ní ₦5,300 lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọbẹ̀ tí owó pa ló ń dùn. Àwọn ìyá ni mo mú.

Mọ́ọ̀pù àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo rà ní Aléṣinlóyè sì ṣì wà nílé mi títí di òní. Ẹ fi ìyẹn náà kún un.

Àbúrò mi ọkùnrin ní mo ti ba ọjà jẹ́. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan san ₦3,000 fún ẹni tó bá a fọ ilé. Mo ní kó gbé fóònù rẹ̀ ká jọ ṣírò. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦80,000. Ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n sọ di òfin ní 2024, jẹ́ ₦70,000. Pín ₦80,000 sí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, wàá rí nǹkan bíi ₦3,080 lójúmọ́. Ẹni tó ń gba ìyẹn mọ̀ pé iṣẹ́ ń dúró de òun lọ́la àti lọ́túnla. Ìyá tí ẹ pè fún ọjọ́ kan ṣoṣo kò mọ ibi tí iṣẹ́ ọ̀la wà, ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ ẹlòmíì ló fi sílẹ̀ kó tó wá bá yín. Ìdí nìyẹn tí èmi fi máa ń sọ ₦3,080 yẹn di ìlọ́po méjì, kí n tó wá fi nǹkan lé e bí ilé bá dọ̀tí gan-an. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má ná an. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ná an wọ abẹ́ ₦5,000 fún odindi ọjọ́, ẹni tó máa gbà fún yín, àfàìmọ̀ ni kò ní í jókòó sórí ìjókòó ilé ìyàgbẹ́ yín máa tẹ fóònù.

Ìyá tó dàgbà nínú àwọn méjèèjì ò tilẹ̀ dárúkọ owó kankan kó tó wọlé. Ó gba pálọ̀ kọjá bí ẹni pé kò rí i. Ilé ìdáná ló lọ tààrà, ó fi èékánná ha ògiri lókè ibi tí sítóòfù máa ń wà, ó na ìka náà sí mi. Ọ̀rá ti dì sí i bí ìda.

"Àǹtí, ẹni tó kúrò níbí, àkàrà ló ń dín tà."

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Èló lẹ máa gbà?"

"Ẹ jẹ́ n rí ilé ìyàgbẹ́ ná."

Ó ṣí ẹ̀rọ omi níbẹ̀, omi pupa rú jáde, ó tẹjú mọ́ ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tó gba inú àwo ìyàgbẹ́ kọjá. Lẹ́yìn náà ló tó ní ₦7,000. Yàrá méjèèjì, ó ní wọn ò lè dà àwọn láàmú.

Òótọ́ ló sọ. Aago mẹ́jọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìdáná, aago mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó jáde. Kẹrosíìnì díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi nu ọ̀rá náà kó lè rọ̀, wọ́n fi bíléèdì ha á, wọ́n wá fi omi gbígbóná àti Omo fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Yàrá méjèèjì ò gbà tó wákàtí kan ààbọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ síbi tí ẹ ti ń ná owó nìyẹn: iye yàrá kọ́ ló ń sọ owó, ilé ìdáná, ilé ìyàgbẹ́ àti fèrèsé ni. Rúùmù kan tí wọ́n ń dáná nínú ẹ̀ fún ọdún márùn-ún lè gba iṣẹ́ ju yàrá mẹ́ta tí ẹnì kan ṣoṣo gbé. Ẹni tó bá dá owó lé yín lórí fóònù, tí kò béèrè fún fọ́tò ilé ìdáná àti ti ilé ìyàgbẹ́, ó fẹ́ fi kún un tó bá dé ibẹ̀ ni, tàbí kó ṣe é ní ìdajì. Ohun tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta yẹn ṣe gan-an nìyẹn, iye yàrá nìkan ni wọ́n béèrè.

Ilé tuntun ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ tán, bí ọ̀pọ̀ ilé tó ń hù lọ́nà Moníyà àti Ológúnẹ́rú, ọ̀dà á ti kán sórí táìlì, símẹ́ǹtì á ti gbẹ mọ́ etí fèrèsé, eruku funfun á sì wà nínú wọ́dróòbù. Ẹ gbá a lónìí, á tún balẹ̀ lọ́la. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku àti àkàbà gíga wúlò níbẹ̀, ìgbálẹ̀ kàn máa gbé eruku náà láti ibì kan sí òmíràn ni. Níbẹ̀ ni mo ti lè sọ pé kí ẹ san owó ilé-iṣẹ́. Kí ẹ tó san án, ẹ bi wọ́n bóyá fífọ inú fèrèsé àti nẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yọ. Àwọn kan ń gba owó àyẹ̀wò ilé pẹ̀lú. Bí wọ́n bá máa yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́, kò burú.

Ọ̀rọ̀ ásíìdì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó wọ ilé àtijọ́ kan ní Bódìjà, irú èyí tí wọ́n fi tẹrásò ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan tí wọ́n júwe fún un gba ₦15,000 dín sí ohun tí ẹlòmíì pè, inú rẹ̀ dùn. Wọ́n da ásíìdì sílẹ̀, ó ń hó ṣùù, àbàwọ́n ń lọ, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó gbẹ, ilẹ̀ tó ń dán bíi dígí tẹ́lẹ̀ ti wá dà bí ibi tí wọ́n da eérú sí. Símẹ́ǹtì àti òkúta màbù ló wà nínú tẹrásò, ásíìdì sì ń jẹ méjèèjì. Owó ẹni tó wá bá a fi ẹ̀rọ dán an padà, kò ṣeé gbọ́ sétí. Táìlì lásán lè fara dà á díẹ̀, ṣùgbọ́n símẹ́ǹtì tó wà láàárín táìlì méjì ò lè fara dà á. Tí wọ́n bá gbé ásíìdì wá sílé tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tẹrásò tàbí màbù, ẹ ní kí wọ́n gbé e padà.

Èyí tó tún léwu jù ni pípo Hypo mọ́ ọṣẹ ilé ìyàgbẹ́ tó ní ásíìdì nínú. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ń ta ojú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, yàrá kékeré tí kò ní fèrèsé ló sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ti ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tí omi bóòhóòlù máa ń fà sínú àwo, irin inú omi ni, Hypo kì í yọ ọ́, ńṣe ló máa ń mú kó gbó mọ́ ọn. Ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́fà ni ìyá yẹn gé fi ha tèmi. Mi ò ka owó ọsàn mọ́ ₦8,500.

Ẹ béèrè omi kí ẹ tó béèrè owó. Ilé tó ti ṣófo fún oṣù mẹ́ta, bóyá kò sí iná, ẹ̀rọ tó ń fa omi ò sì ní í ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá máa ra omi nínú kẹ́ẹ̀gì, tàbí tí wọ́n máa fà á nínú kànga aládùúgbò, ẹ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti ń ná owó, kó má di pé aago méjìlá ọ̀sán ni ẹ máa gbọ́ pé "Àǹtí, omi ti tán o." Àsìkò náà kàn án. Nígbà ọyẹ́, ẹ má fọ ilé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ẹ bá máa kó wọlé lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, eruku á ti padà. Ọjọ́ kan ṣáájú ló dára. Nígbà òjò, àwọn tó ń gbé ẹrù yín á fi bàtà gbé ilẹ̀ pupa wọlé, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe é. Mo bẹ ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà kó padà wá ní ìdajì ọjọ́ lẹ́yìn tí mọ́tò já ẹrù tán, ₦3,500. Nínú gbogbo owó tí mo ná, òun ló dùn mọ́ mi jù.

Ilé tí ẹ ń fi sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbá a, ẹ fọ ilé ìyàgbẹ́, ẹ yọ ìṣó, ẹ ya fídíò. Àfi tí owó kọ́ṣọ̀n tó wà lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù tàbí éjẹ́ǹtì bá pọ̀, tí ìwé àdéhùn sì sọ pé wọ́n máa dá a padà tí ilé bá mọ́, kò sídìí tí ẹ fi máa gbé owó ńlá síbẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù á kun ún lọ́dà fún ẹni tó ń bọ̀ lọ́nàkọnà.

Pàǹtí náà ńkọ́? Ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n máa kó o lọ. Tí wọ́n bá fọwọ́ júwe gọ́tà tàbí odò, ẹ ní rárá. Ibẹ̀ ló máa dí tí omi á fi ya wọlé: omíyalé odò Ògùnpa ọdún 1980 àti èyí tó dé ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ò tíì kúrò lọ́kàn àwọn tó dàgbà nílùú yìí.

Bí owó ṣe máa jáde lọ́wọ́ yín ló kù. Owó ọjọ́ máa ń fa iṣẹ́ gùn, àgbàṣe máa ń sáré. Ti owó ọjọ́, mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́, kó lè jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ṣú, yàrá ló kù, yàrá ò sì ṣòro fún èmi fúnra mi. Ti àgbàṣe, mi ò ní san ju ìdajì sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ ni ẹ sì lè béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn ìyá ò fẹ́ràn tiránsífà tó máa ń pẹ́ kí álẹ́ẹ̀tì tó wọlé, torí náà mo gba owó ní POS láti àárọ̀. Kí n tó kà á fún wọn, mo ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, mo fọwọ́ pa orí wọ́dróòbù, mo wá dúró sábẹ́ fáànù pálọ̀, mo tàn án. Ìdí eruku kan já lé mi nínú irun. Ìyá kékeré ti gbé àga kí n tó sọ̀rọ̀.