Kákúlétọ̀ Casio fx-991ES PLUS fún ìṣirò béèsì 2, 8 àti 16

Kákúlétọ̀ Casio fx-991ES PLUS wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA níbí ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í dé ibi tí ó wúlò jù fún ẹni tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ìyẹn BASE-N, ibi tí a ti ń yí nọ́ńbà láti béèsì kan (iye àmì tí a fi ń kọ nọ́ńbà, bí 0 àti 1 fún béèsì 2) sí òmíràn.

Bí a bá tẹ MODE, tí a sì tẹ 4, a ti débẹ̀. Bọ́tìnì x² á di DEC fún béèsì 10, log á di BIN fún béèsì 2, ln á di OCT fún béèsì 8, èyí tó wà láàárín x² àti log á sì di HEX fún béèsì 16. Ẹ jẹ́ kí a mú 200. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ ní DEC, tí a tẹ =, tí a wá tẹ BIN, 0000000011001000 ni yóò hàn; HEX á gbé 000000C8 jáde, láìjẹ́ pé à ń fi 2 tàbí 16 pín nọ́ńbà léraléra, kí a máa ka ohun tó ṣẹ́kù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Èyí tó wù mí jù ni pé béèsì méjì lè pàdé nínú ìṣirò kan ṣoṣo: àmì d, h, b àti o (fún DEC, HEX, BIN àti OCT) wà lábẹ́ SHIFT àti 3, nítorí náà a lè ro b1010, tó jẹ́ 10, pọ̀ mọ́ hF, tó jẹ́ 15, kí ìdáhùn sì jẹ́ 25 ní DEC.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Ní BASE-N, 7÷2 máa ń di 3, torí pé ẹ̀rọ náà máa ń gé ìdá tó kù dànù láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ohun tó lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà gidigidi. Béèsì 2 rẹ̀ kò kọjá ẹyọ 16 (0 tàbí 1), èyí àkọ́kọ́ sì wà fún nọ́ńbà òdì, tó fi jẹ́ pé 32767 ni ó ga jù; ìdí nìyí tí 40000 fi ń di Math ERROR bí a bá tẹ BIN, nígbà tí DEC gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó jinlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, fx-991EX tó gba ẹyọ 32 ni kí ó rà.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ rà á fún ọmọ tó ń múra WAEC nítorí béèsì nìkan, ẹ mọ̀ pé kò ní béèsì 3, 5 tàbí 7, tó lè jáde nínú ìdánwò. Láti mọ̀ pé 243 ní béèsì 5 jẹ́ 73, ọmọ náà ni yóò fúnra rẹ̀ kọ 2×25+4×5+3, kí ó tó fi kákúlétọ̀ rò ó pọ̀.