Géèmù bọ́ọ̀lù orí fóònù yìí dùn, àmọ́ pákì inú ẹ̀, tẹ́tẹ́ ni

Ó ti pẹ́ tá a ti ń gbá géèmù yìí ní àdúgbò wa ní Tanke, n'Ílọrin níbí, tó bá ti di alẹ́ tí NEPA mú iná lọ, gbogbo wa á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, a ó máa na ara wa nínú ẹ̀. Ká sòótọ́, ó dùn. Kì í jẹ dátà, fóònù tí ò lágbára náà ń gbé e. Tó bá jẹ́ ti gbígbá nìkan ni, mi ò lẹ́jọ́ kankan.

Pákì, ìyẹn àpò agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń tà nínú géèmù, ni wàhálà mi. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni géèmù, àmọ́ tó o bá fẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá, wàá fowó ra kóìnì, ìyẹn owó inú géèmù, wàá fi kóìnì ra pákì, o ò sì ní mọ ẹni tó wà nínú ẹ̀ àfi ìgbà tí owó bá ti lọ. Ẹ wo bó ṣe ń ṣí: iná á máa ṣẹ́jú, àsíá orílẹ̀-èdè á yọ, Brazil, àyà ẹ á ti máa lù kìkì, wọ́n á fi ipò tó ń gbá hàn ẹ́, wọ́n á dúró díẹ̀, ojú ẹnì kan tí o ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí lá wá jáde. Ìdúró yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni, kó lè ṣe ẹ́ bíi pé ó kù díẹ̀, kó o tún rà. Kóìnì náà kì í bá owó pákì mu, díẹ̀ á ṣẹ́ kù tí ò lè ra nǹkan kan, àfi kó o fowó kún un.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ra pákì títí owó ọjà màmá ẹ̀ fi tán, torí káàdì wà lórí fóònù. Aṣọ ni màmá yẹn ń tà l'Ọ́jà Ọba o. A kọ̀wé sí àwọn tó ṣe géèmù, wọ́n ní pákì téèyàn bá ti ṣí kò ṣeé dá padà. Ó dùn mí gan-an.

Níbòmíì wọn ò gbà á bẹ́ẹ̀. Ní 2018, àjọ tó ń rí sí tẹ́tẹ́ ní Belgium sọ pé tẹ́tẹ́ ni irú pákì yìí. Ṣáínà ti ní látọdún 2017 kí àwọn tó ń ṣe géèmù kọ ọ́ síta bí ohun rere ṣe ń jáde sí nínú ẹ̀. Lóòótọ́ ní 2022 kóòtù Netherlands fagi lé owó ìtanràn 10 mílíọ̀nù yúrò tí wọ́n bu lé EA, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, tí géèmù tiwọn kì í ṣe èyí tí mò ń sọ yìí, wọ́n ní pákì kì í ṣe géèmù ọ̀tọ̀, apá kan géèmù bọ́ọ̀lù ni. Èmi ò gbà. Téèyàn bá ti sanwó lórí ohun tí ò mọ̀, kí ló tún kù?

Àwọn alfa wa ń wáàsí nípa ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọ nínú yàrá, kò sẹ́ni tó ń bá a wí. Láti November 2024 tí Supreme Court ti sọ pé ìpínlẹ̀ ló ni òfin lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́, àwọn aṣòfin Kwara lè dá sí i. Kí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, náà dìde.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wọ settings Play Store, ẹ ní kó máa béèrè password nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ rajà, ẹ sì yọ káàdì yín kúrò.

Ìràwọ̀ 2 ni mo fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù àti iye ẹ̀ ní náírà síta kéèyàn tó sanwó, màá sọ ọ́ di 5.