Bíréèkì ọkọ̀ Ìjàpá: èwo ni kí ẹ rà, èwo ni kí ẹ fi sílẹ̀?

Lọ́dún tó kọjá, mo ra sìlíńdà táyà ẹ̀yìn méjì fún Ìjàpá mi, ìyẹn Volkswagen Beetle. Inú sìlíńdà ni ọ́ìlì bíréèkì ti ń ti pisítìnì, pisítìnì á sì ti ṣúù (irin tí wọ́n lẹ láìnì mọ́ lójú) mọ́ inú dírọ́ọ̀mù, agbada irin tó ń bá táyà yí. Wọ́n wọlé wẹ́kú, bóòtù wọn bọ́ sójú ihò, ọ́ìlì ò sì jò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì òjò rọ̀, mo tẹ bíréèkì, ni ìdí ọkọ̀ bá ń fẹ́ gba iwájú. Ọlọ́run ló yọ mí. Nígbà tí a tú u, a rí 19.05 (ìwọ̀n pisítìnì ní milimítà) lára sìlíńdà tuntun náà, a sì rí 17.46 lára àwọn ògbólógbòó tí mo ti jù sínú àpò. Ìyàtọ̀ wọn ò tó milimítà méjì. Àmọ́ ojú pisítìnì ni ọ́ìlì ń tì, ojú ti tuntun yìí sì fi nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí táyà ẹ̀yìn fi ń há kí tiwájú tó mú.

Ẹni tó tà á fún mi ò purọ́. Ó ní ti Ìjàpá ni, ti Ìjàpá náà sì ni, Ìjàpá mìíràn ni kì í ṣe tèmi. Ọkọ̀ yìí lé ní mílíọ̀nù 21 tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Mexico lọ́dún 2003. Jámánì ṣe é, Brazil ṣe é, àwa náà sì tò ó rí ní Ọ̀jọ́, nílùú Èkó, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1975. Orúkọ kan ni gbogbo wọn ń jẹ́, bíréèkì wọn ò dọ́gba. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ ra bíréèkì, ẹ má sì fi ọdún tó wà nínú ìwé ọkọ̀ rà á, torí ọdún tí wọ́n forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́.

Tó bá jẹ́ ti Jámánì, ẹ gbé àga ẹ̀yìn sókè. Lórí irin gbọọrọ tó la àárín ọkọ̀ já, ẹ ó rí nọ́ḿbà ṣásí. Láti ọkọ̀ 1965 síwájú, nọ́ḿbà méjì àkọ́kọ́ ń sọ irú ọkọ̀, ẹ̀kẹta ń sọ ọdún: 118 ni Ìjàpá 1968. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka bóòtù táyà. Èyí ni ohun tí ẹ ó sábà bá nínú àwọn tó ń lo dírọ́ọ̀mù níwájú àti lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ ní milimítà:

| | Bóòtù 5 (1958 sí 1967) | Bóòtù 4 (1968 síwájú) | Ìjàpá oríṣi 1302 àti 1303 |
|---|---|---|---|
| Dírọ́ọ̀mù iwájú | 230 × 40 | 230 × 40 | 248 × 45 |
| Dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn | 230 × 30 | 230 × 40 | 230 × 40 |
| Sìlíńdà iwájú | 22.2 | 22.2 | 23.8 |
| Sìlíńdà ẹ̀yìn | 19.05 | 17.46 | 17.46 |

Bí ẹ ṣe máa dá 1302 àti 1303 mọ̀ ni pé táyà àfirọ́pò wọn dùbúlẹ̀ gbalaja sísàlẹ̀ ní iwájú, kò dúró bíi ti àwọn yòókù. Àwọn kan tún wà tó ń lo díísìkì, ìyẹn àwo irin tí páàdì ń fún mọ́ra, níwájú dípò dírọ́ọ̀mù, páàdì ni ẹ ó rà fún ìyẹn. Síbẹ̀, ẹ tú táyà kí ẹ sì wọn ohun tó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ti lò tó àádọ́ta ọdún ti kọjá lọ́wọ́ mẹkáníìkì púpọ̀, a sì máa ń rí èyí tí ẹsẹ̀ òsì àti ọ̀tún rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Másítà, ìyẹn sìlíńdà àgbà tí pẹ́dàlì ń tì, ló gba sùúrù jù. Oríṣi méjì ló wà. Ti àtijọ́ jẹ́ onílà kan: ọ́ìlì kan náà ló ń lọ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pisítìnì rẹ̀ jẹ́ 17.46. Tí ọ́òsì (páìpù rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí táyà) kan bá bẹ́, bíréèkì tán nìyẹn. Ti onílà méjì jẹ́ 19.05, ó ya tiwájú sọ́tọ̀ kúrò lára tẹ̀yìn, tí ọ̀kan bá lọ, èkejì ṣì máa dá ọkọ̀ dúró. Tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ onílà kan tí ẹ sì ń gbé ọmọ sínú rẹ̀, owó tí ẹ bá kọ́kọ́ rí, ẹ fi yí i sí onílà méjì. Èmi ò rí ohun tó tún ṣe pàtàkì jùyẹn lọ lára ọkọ̀ náà. Ẹ rántí pé ẹ máa nílò agolo ọ́ìlì onílà méjì àti páìpù tuntun pẹ̀lú, kì í ṣe másítà nìkan. Ẹ sì wo súìṣì iná bíréèkì tó wà lára èyí tí ẹ fẹ́ rà: òmíràn ní ẹsẹ̀ méjì, òmíràn ní mẹ́ta.

Nígbà tí wọ́n bá dè é tán, àlàfo milimítà kan gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀pá tó ti ara pẹ́dàlì wá àti pisítìnì. Tí kò bá sí, ọ́ìlì ò ní ráyè padà. Bíréèkì á máa mú díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ, títí dírọ́ọ̀mù á fi gbóná tí ẹ ò ní lè fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ másítà tuntun tí wọ́n dá padà fún ọlọ́jà pé kò dáa, àlàfo yìí ló ń dà á láàmú.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí ọjà ti wá. Ọjà Jámánì àtijọ́ tí kò tíì wọ ọkọ̀ rí, pàápàá ti ATE tó ń bá Volkswagen ṣe bíréèkì, ló gbajúmọ̀ jù, òun ló sì wọ́n jù. Tó bá jẹ́ irin lásán, bíi dírọ́ọ̀mù, ẹ rà á bí apá yín bá ká a. Tó bá ní rọ́bà nínú, ẹ fi í sílẹ̀. Rọ́bà ń gbó nínú páálí bó ṣe ń gbó lára ọkọ̀. Ẹ tẹ ọ́òsì bẹ́ẹ̀ wò níṣojú ọlọ́jà, ẹ ó rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó là sí i lára. Ṣúù àtijọ́ ńkọ́? Láìnì wọn sábà máa ń ní asbẹ́sítọ́ọ̀sì, eruku rẹ̀ sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Mi ò ní rà á.

Ti Brazil ni mo máa ń mú fún sìlíńdà àti másítà. Wọ́n ń pe ọkọ̀ yìí ní Fusca lọ́hùn-ún, wọ́n ṣe é dé 1986, wọ́n tún padà ṣe é láti 1993 sí 1996, nítorí náà ẹ̀yà ara rẹ̀ ò wọ́n wọn. Ti Varga jẹ́ ọ̀kan tí mo ti lò tí kò já mi kulẹ̀. Ọjà tí kò ní orúkọ ní tiẹ̀ pọ́ọ́kú lowó rẹ̀. Ẹ wo ara rẹ̀: tí wọn ò bá kọ ìwọ̀n pisítìnì tàbí nọ́ḿbà kankan sí i, kí lẹ ó fi mọ̀ ọ́n? Páálí ọjà tó dáa sábà máa ń ní nọ́ḿbà Volkswagen. Nọ́ḿbà mẹ́ta tó wà láàárín ni kí ẹ kà: 609 fún ṣúù, 611 fún másítà àti sìlíńdà.

Tòkunbọ̀, bóyá ní Ládípọ̀ tàbí ní Gate n'Ìbàdàn, dírọ́ọ̀mù nìkan ni mo ń rà níbẹ̀. Ẹ fi kálípà, irinṣẹ́ ìwọ̀n, wọn inú rẹ̀ ní ibi mẹ́ta. Tó bá jẹ́ dírọ́ọ̀mù 230, èyí tó bá ti lé ní 231 mm ti jẹun kanlẹ̀. Tó bá jẹ́ tẹ̀yìn, ẹ ki ìka bọ àárín rẹ̀ kí ẹ fọwọ́ kan eyín rẹ̀. Eyín tó mú ṣì dáa. Èyí tó ti rí kiribiti á yọ̀ lórí ẹ́kísẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ kan.

Ní ti ṣúù, àwọn tó ń lẹ láìnì tuntun sórí irin àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ tó dáa, ó sì máa ń sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ẹ gbé ṣúù náà sínú dírọ́ọ̀mù tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ sì dojú rẹ̀ kọ oòrùn. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba àárín wọn wọlé, wọn ò bá ara wọn mu.

Ọ́ìlì bíréèkì ò lọ́rọ̀ púpọ̀: DOT 3 tàbí DOT 4, inú agolo tí wọn ò tíì ṣí. DOT 5 aláwọ̀ àlùkò kì í bá wọn pọ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá, gbogbo rọ́bà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló máa wú.

Bí owó ò bá tó ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ́òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kí ẹ tó ra sìlíńdà. Ẹ ra sìlíńdà ní méjì méjì, òsì àti ọ̀tún. Ẹ gbé ògbólógbòó lọ sọ́jà nínú ọ̀rá, pẹ̀lú kálípà, kí ẹ sì bá ọlọ́jà ṣàdéhùn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ pé ó máa gbà á padà bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá bá a mu.