Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta “ìparí tí wọn ò fi hàn” fún àwa olólùfẹ́ BL

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo síríìsì BL (eré ìfẹ́ láàárín ọkùnrin méjì) ilẹ̀ Thailand bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní ẹ̀dà uncut (èyí tí wọn ò gé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀) ti síríìsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, pé “ìparí tòótọ́” wà nínú rẹ̀. Èmi ti san án. ₦11,500 ló bá a lọ, fídíò ọ̀fẹ́ tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ra ni mo sì gbà.

Mi ò ní dárúkọ síríìsì náà, torí àwọn tó ṣe é ò mọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni mo fi wò ó. Agogo Bangkok fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú tiwa. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń gbé e jáde lọ́hùn-ún, ìyẹn aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán níbí. Tó bá ti di àsìkò náà, mo máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì ìránṣọ, màá ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ jẹun. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko la fi retí kí ọmọkùnrin yẹn sọ tọkàn rẹ̀ fún èkejì. Apá kejìlá dé, ohun tí a ti rí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi kún ìdajì rẹ̀. Níbi tó yẹ kí àwọn méjèèjì ti sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú wọn gbé ìpara ojú sókè kí á lè ka orúkọ ara ike rẹ̀. Wọ́n dì mọ́ra, ó tán. Ìpolówó inú eré kì í bí mi nínú, òun ló ń jẹ́ kí á rí wọn wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí YouTube, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí àyà ẹni ti ń já! Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Inú ẹkún yẹn ni obìnrin yìí bá mi. A ń ráhùn lọ́wọ́ nínú ẹgbẹ́ wa lórí WhatsApp nígbà tó kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀: “Àbúrò mi, má sunkún mọ́. Wọ́n ya ìparí mìíràn, tẹlifíṣọ̀n ni ò jẹ́ kí wọ́n fi hàn. Ó wà lọ́wọ́ mi.”

Ohun tó jẹ́ kí n gbà á gbọ́ ni pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́. Ní 2022, ẹ̀dà síríìsì KinnPorsche tó wà lórí iQIYI, ìkànnì tí wọ́n ti ń wo fíìmù, kún ju èyí tí tẹlifíṣọ̀n Thailand fi hàn lọ. Nígbà tí síríìsì 2gether parí ní 2020, apá márùn-ún mìíràn tún jáde lọ́dún kan náà, Still 2gether. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni iṣẹ́ wọn ló kéde méjèèjì fúnra wọn, ní gbangba. Kò sí èyí tó gba kọ̀rọ̀ bọ́ sórí fóònù ẹnì kan.

₦7,500 ló kọ́kọ́ gbà. Ó fi fáìlì ránṣẹ́, dátà mi tán lórí rẹ̀, àṣé ó ti tì í pa. Ó ní ẹni tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wà ní Bangkok, ₦4,000 ló ń gbà. Mo tún san.

Nígbà tí mo rí fáìlì náà ṣí, ẹ̀dà YouTube tí wọ́n máa ń gé sí mẹ́rin ni, ó kàn so wọ́n pọ̀ ni. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, “ìparí tòótọ́” dé. Ọmọkùnrin náà ń rìn lọ sétí òkun, irun rẹ̀ dúdú. Bó ṣe yíjú padà báyìí, irun náà ti di pupa rúsúrúsú. Mo dá a dúró, mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún un wò. Inú pilot ló ti gé e, fídíò tí wọ́n ti yà sílẹ̀ ṣáájú kí iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, láti fi polówó. Ìfẹnukonu tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn orí nìkan la rí. Aṣọ ni mò ń rán jẹun, ọrùn aṣọ ni mo sì kọ́kọ́ wò: ṣẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ inú síríìsì tiwa ní bọ́tìnì lẹ́nu kọ́là, ti ibí yìí ò ní. Síríìsì mìíràn ni!

Mo bá a sọ ọ́. Ó ní tí mo bá pariwo, òun á fi ohun tí mò ń wò han àwọn ará ilé mi. Ibẹ̀ ló ti ń mú wa. Ó mọ̀ pé ṣe ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi í pamọ́. Ní Thailand, láti oṣù Kìíní 2025 ni òfin ti gba ọkùnrin méjì láyè láti ṣègbéyàwó. Ní Nàìjíríà, òfin 2014 tó ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ wà nílẹ̀, ta ló fẹ́ lọ ṣàlàyé ara rẹ̀ ní tẹ́ṣàn? Àwọn mẹ́ta mìíràn ti sọ fún mi pé bó ṣe ṣe àwọn náà nìyẹn.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ wo ojú ìwé àwọn tó ṣe síríìsì náà. Tí wọn ò bá kéde ẹ̀dà uncut, kò sí. Ẹ ní kó fi ìṣẹ́jú kan hàn yín níbi tí ẹ̀yin fúnra yín bá yàn, kì í ṣe ibi tó bá wù ú. Bó bá tún béèrè owó kejì, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá ti san, kó tètè ké sí báǹkì rẹ̀. Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ nìkan ni kó bá wọn sọ, kò pọn dandan kó sọ fíìmù tó fẹ́ rà. Bó bá sì halẹ̀ mọ́ yín, ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ tó kọ, ẹ má fi owó pa á lẹ́nu mọ́, torí yóò padà wá.

Lánàá, ẹnì kan fi ìpolówó tuntun tó gbé síta hàn mí. Ìparí síríìsì mìíràn ló tún ń tà, ₦9,000. Apá méjì ṣì kù kí síríìsì náà tó parí ní Thailand.