Ṣọ́ọ̀bù tó bá ìyá mi dènà ìpè àjèjì ní Ouando

Fóònù ìyá mi kò bàjẹ́ rárá nígbà tí mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe kan nítòsí ọjà Ouando, níhìn-ín ní Àjàṣẹ́. Ìpè ni kò jẹ́ kí ó gbádùn. Nọ́ńbà òkèèrè á dún lẹ́ẹ̀kan péré, á sì dákẹ́. Bí ìyá mi bá pè é padà, nítorí ó rò pé àbúrò mi tó wà ní Gàbọ̀n ló ń wá òun, ohùn tí wọ́n ti gbà sínú ẹ̀rọ ni yóò máa sọ̀rọ̀ lọ, owó orí fóònù rẹ̀ á sì máa jó. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí ń pín nínú owó gọbọi tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ń jẹ, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í dúró kí èèyàn gbé e.

Sùúrù ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà wú mi lórí. Kò tíì fọwọ́ kan fóònù tó fi béèrè pé, «Màmá, ilẹ̀ wo ni àwọn ọmọ yín wà?» Bí ìyá mi ti ń dáhùn ló ń kọ nọ́ńbà tó ń ṣáájú ti ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sórí pépà kékeré kan: 241 fún Gàbọ̀n, 234 fún Nàìjíríà, 33 fún Faransé. Ó wá fi orúkọ àwọn èèyàn wa sínú fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣètò rẹ̀ kí ìpè ẹni tí kò sí níbẹ̀ má ṣe dún mọ́. Ó tún rí i pé ọ̀pọ̀ nọ́ńbà tí ìyá mi ní ṣì jẹ́ onídíjíìtì 8 ti àtijọ́, nígbà tó jẹ́ pé láti 30 Oṣù Kọkànlá 2024 ni nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ ti di onídíjíìtì 10, tí 01 sì ń ṣáájú wọn. Bí kò bá tún wọn ṣe, fóònù ìbá máa ka aládùúgbò wa sí àjèjì. Gbogbo rẹ̀, 1,000 fáránkì.

Àṣìṣe kan wà tí n kò lè fi pamọ́. Ó gbàgbé láti fi 241 ṣáájú nọ́ńbà àbúrò mi, ọjọ́ méjì gbáko ni ọmọ náà fi ń pè tí ìyá wa kò gbọ́. Ó tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Àmọ́ agbára oníṣọ́ọ̀bù kò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé, nítorí ẹ̀rọ àwọn ọ̀daràn lè gbé nọ́ńbà ẹlòmíràn wọ̀ bí aṣọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin TRACED tó ń gbógun ti ìpè jìbìtì, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 30 Oṣù Kejìlá 2019, fàyè gba ìtanràn tó lè tó 10,000 dọ́là lórí ìpè kan ṣoṣo fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ rú u, ó sì mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù máa wádìí bóyá nọ́ńbà tó hàn jẹ́ òótọ́. Ní 2022, àjọ FCC wọn, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, dojú kọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ń gba ìpè òkèèrè wọ ilẹ̀ wọn, ó sọ wọ́n di oníbodè, ó sì ní kí wọ́n dènà ìpè tí kò tọ́. Ohun tí mo ń fẹ́ fún wa gan-an nìyí. Níhìn-ín ní Bẹ̀nẹ̀, Òfin 2017-20 ti 20 Oṣù Kẹrin 2018 lórí ọ̀rọ̀ dígítà ní ìjìyà fún jìbìtì orí ẹ̀rọ, àjọ ARCEP sì ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí òkè òkun kò bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n Kútọnu. Ilé-iṣẹ́ tó ṣílẹ̀kùn fún ìpè rẹ̀ ló wà láàárín wa, òun ni kí àwọn aṣòfin wa di ẹrù ìtanràn lé lórí.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ mú ìyá tàbí bàbá yín dání, ẹ má gbé fóònù nìkan lọ, nítorí àwọn fúnra wọn ló lè dáhùn ìbéèrè tí ọ̀gá náà máa ń béèrè.